Kònbíní ìsàlẹ̀ ilé mi ní Kawasaki: mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹni tó bá ń bọ̀ ní Japan tó ń retí pé róbọ́ọ̀tì ló máa wá pàdé òun ní pápákọ̀ òfuurufú, kó yáa fara balẹ̀. Ẹ̀rọ tí mò ń lò jù ní ilẹ̀ yìí kò lápá, kò lẹ́sẹ̀, kì í sì í jó. Ẹ̀gbẹ́ àtẹ búrẹ́dì ló dúró sí, nínú ìsọ̀ kékeré kan tí iná rẹ̀ kì í kú, nísàlẹ̀ ilé tí mò ń gbé ní Kawasaki, níbi tí ariwo ọkọ̀ ojú irin Nambu ti máa ń bá èèyàn dé orí bẹ́ẹ̀dì. Kònbíní ni wọ́n ń pe irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń ra oúnjẹ, ibẹ̀ ni mo ti ń san owó iná, ibẹ̀ ni mo ti ń gba ìwé ìjọba, ibẹ̀ náà ni mo ti rí púpọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀ nípa bí àwọn ará ibí ṣe ń bá ara wọn lò. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó bọ̀ máa ń pè mí láti bi mí nípa rẹ̀. Ó ti sú mi láti máa tún un sọ, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni ìsọ̀ ìsàlẹ̀ ilé mi, torí mo ní ẹ̀sùn kan tí mo fẹ́ kà sí i lẹ́sẹ̀ tó bá yá. Àmọ́ mẹ́ta ni àwọn àgbà inú òwò yìí: 7-Eleven, FamilyMart àti Lawson. Ẹni tó bá ti mọ ọ̀kan nínú wọn tinú-tòde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìyókù. Tí a bá ka gbogbo kònbíní tó wà ní Japan pọ̀, wọ́n lé ní 50,000. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo gbọ́ ọ ni pé Amẹ́ríkà ni méjì nínú àwọn orúkọ yìí ti wá. Ohio ni Lawson ti ṣẹ̀ wá, 7-Eleven sì ti Dallas ní Texas wá. Ní 1974 ni 7-Eleven ṣí ìsọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Japan, ní Toyosu ní ìlú Tokyo. Wọ́n ní awò oòrùn ni ẹni tó kọ́kọ́ wọlé rà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí tọ̀sán-tòru, ní Koriyama ní agbègbè Fukushima. Nígbà tó di 1991, tí ilé-iṣẹ́ ti Amẹ́ríkà ti wọko gbèsè, àwọn ará Japan tó gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀ ló wá ra ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọ ra bàbá.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti oúnjẹ, torí òun ni gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò rẹ̀. Ohun tí mo máa ń mú jù ni onigiri. Ìrẹsì tí wọ́n mọ ní onígun mẹ́ta ni, nǹkan wà nínú rẹ̀, wọ́n á wá fi ewé òkun gbígbẹ wé e. Ti ẹja tuna tí wọ́n po mọ́ mayonéèsì ni mo fẹ́ràn. 7-Eleven ti ń ta á láti 1983. Ìṣòro ewé òkun ni pé tó bá fara kan ìrẹsì fún wákàtí bíi mélòó kan, ó máa rọ̀ jọ̀bọ̀. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe sí i. Ọ̀rá tínrín kan wà láàárín ewé àti ìrẹsì, òmíràn wà níta, wọ́n sì kọ 1, 2, 3 sára ti ìta. Ẹ ó mú etí kékeré tó wà ní ṣóńṣó orí rẹ̀, ẹ ó fà á wálẹ̀ gba iwájú yípo dé ẹ̀yìn, ọ̀rá náà á là sí méjì. Ẹ ó fa igun kan, ọ̀rá inú àti tìta á jọ yọ pọ̀. Ẹ ó fa igun kejì, ewé á já sórí ìrẹsì fúnra rẹ̀, á sì máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́nu yín. Ọwọ́ yín ò kan ìrẹsì. Ẹni tó jókòó ronú dé ibẹ̀ yẹn fún oúnjẹ tí owó rẹ̀ ò tó yen 200, mo júbà rẹ̀. Owó náà ti ń gòkè o. Ní 2025, ìrẹsì kílò márùn-ún ní ilé ìtajà ńlá kọjá yen 4,000, onigiri náà ò sì lè dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ìyókù oúnjẹ ibẹ̀ dára, ó sì wọ́n ju ti ilé ìtajà ńlá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú owó kó lọ sí ilé ìtajà ńlá lálẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti lẹ bébà ẹ̀dínwó mọ́ oúnjẹ. Mo ti parí ìyẹn.

Ibi tí àlejò ti máa ń kọsẹ̀ ni iwájú ẹni tó ń gbowó. Ẹ ò tíì gbé nǹkan kalẹ̀ tán tí ìbéèrè á ti máa rọ́ jáde: ṣé ẹ ní káàdì póìǹtì? Ṣé ẹ fẹ́ ọ̀rá? Ká bá yín gbé e gbóná? Ṣé igi ìjẹun ni àbí ṣíbí? Níbí lẹ ti máa jẹ ẹ́ àbí ẹ̀ ń gbé e lọ? Kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ti ọ̀rá, òfin ló mú un wá: láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2020, wọn ò gbọdọ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́, yen mẹ́ta tàbí márùn-ún ni. Ti ibi tí ẹ ti máa jẹ ẹ́, owó orí ló fà á. Láti oṣù Kẹwàá 2019, owó orí lórí nǹkan jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ oúnjẹ tí ẹ bá gbé lọ sílé, ìdá 8 ni. Ìyẹn ni pé búrẹ́dì kan náà, láti ọwọ́ èèyàn kan náà, iye méjì ló ń jẹ́, ó kù síbi tí ẹ bá gbé ìdí lé. Mo ti rí baba kan tó sọ pé òun ń gbé e lọ, tó wá jókòó síbi tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan fún un. Ará Japan kò ní bá ẹ jà nítorí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Á kàn wò ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì mójú kúrò.

Ohun kan tó tẹ́ mi lọ́rùn níbẹ̀ ni àwo owó. Owó kì í ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Àwo pẹlẹbẹ kékeré kan wà lórí káńtà, ibẹ̀ lẹ ó kó o sí, ibẹ̀ ni wọ́n á ti kó o, wọ́n á wá ka ṣéńjì owó bébà lójú yín níkọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí yín. Èmi tí wọ́n tọ́ pé ẹnì kan kì í fi ọwọ́ òsì nawọ́ owó sí àgbà, ara tù mí. Tí ẹrù bá wà ní ọwọ́ ọ̀tún mi, mo lè fi òsì kó owó sínú àwo láìbẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nísinsìnyí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ti gbé ẹ̀rọ sí ipò àwo: ẹ ó ki owó bébà bọnu rẹ̀ fúnra yín, yóò sì pọ ṣéńjì. Ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ṣì fẹ́ràn àwo.

Tí ẹ bá fẹ́ ra ọtí, ojú ẹ̀rọ á bi yín bóyá ẹ ti pé ọmọ ogún ọdún, ẹ ó sì fi ìka tẹ bẹ́ẹ̀ni. Ìjọba sọ ọjọ́ orí àgbà di ọdún 18 ní 2022, ṣùgbọ́n ti ọtí àti sìgá ṣì jẹ́ 20. Kò kan ẹ̀rọ náà pé irùngbọ̀n mi ti ń funfun.

Ó wá kan ẹ̀rọ tí mo torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èyí tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ búrẹ́dì. Ẹni tí kò bá mọ̀ á pè é ní ẹ̀rọ fótòkọ́pì. Òótọ́ ni pé ó ń ṣe ẹ̀dà ìwé, ṣùgbọ́n ìyẹn ló kéré jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ lè fi fóònù fi ìwé ránṣẹ́ sí i láti ilé kí ẹ wá tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fún yín kó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ń tẹ fọ́tò ìwé ìrìnnà, ó ń ya àwòrán ìwé sínú fóònù, ó sì ń fi fáàsì ránṣẹ́. Èyí tó ṣe mí lóore jù ni ìwé ẹ̀rí ibùgbé tí wọ́n ń pè ní jūminhyō. Gbogbo nǹkan ní Japan ló ń béèrè ìwé yẹn: ilé tuntun, ọkọ̀, ìwé àṣẹ ìgbélùú, iṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ lọ sí ọ́fíìsì agbègbè ní ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ kọ fọ́ọ̀mù, kí ẹ mú nọ́ńbà, kí ẹ jókòó. Báyìí, ẹ ó gbé káàdì ìdánimọ̀ ìjọba tí wọ́n ń pè ní My Number sórí ojú ibi tó ti ń kà á, ẹ ó tẹ nọ́ńbà àṣírí mẹ́rin, ẹ ó sọ bóyá ti ẹ̀yin nìkan ni àbí ti gbogbo ilé, ẹ ó ju owó sí i. Á máa kọ orin kékeré kan bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà á fi ohùn ṣe kìlọ̀kìlọ̀ pé kí ẹ má gbàgbé káàdì yín. Láti aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ títí di mọ́kànlá alẹ́, ojoojúmọ́, títí kan ọjọ́ Àìkú. Ní ìlú púpọ̀, ó tún dínwó ju ti ọ́fíìsì lọ.

Kì í ṣe pé kò lábùkù. Ní oṣù Kẹta 2023, ní Yokohama tó wà nítòsí wa níbí, àwọn èèyàn lọ gba ìwé ẹ̀rí wọn ní kònbíní, ìwé ẹlòmíràn ló jáde, pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì onítọ̀hún. Ó ṣẹlẹ̀ láwọn ìlú mìíràn náà, ìjọba sì ní kí wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró láwọn ibì kan kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ka ìwé náà tán kí n tó kúrò níwájú ẹ̀rọ. Ẹ̀yin náà, ẹ máa kà á.

Àti pé, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: kí ló dé tí ẹ̀rọ tó gbọ́n tó báyìí ṣì ń fi fáàsì ránṣẹ́? Torí ẹni tó wà lódìkejì ló ń béèrè fáàsì. Ẹ̀rọ ibí ń sáré, àmọ́ ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ fún ń rìn gbẹ̀rẹ́. Ní 2021 ni ìjọba dá àjọ ńlá kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì, ní 2022 ni Taro Kono, mínísítà tó ń bójú tó o, kéde ogun lórí floppy, dísíkì kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́, torí òfin tó lé ní ẹgbẹ̀rún ṣì ń ní kí àwọn èèyàn fi dísíkì bẹ́ẹ̀ tàbí irú rẹ̀ kó ìwé wá. Ó di 2024 kí wọ́n tó pa àwọn òfin náà rẹ́. Nígbà tí mo dé ibí, mo rò pé ọjọ́ iwájú ni mo kó wọ̀. Apá kan ọjọ́ iwájú ni lóòótọ́, apá kan sì ni ọ́fíìsì tí òǹtẹ̀ orí ìwé ṣì ń jọba. Kònbíní ló dúró sáàárín àwọn méjèèjì, tó ń gba ìwé lọ́wọ́ ọ̀kan tó ń gbé e fún èkejì. Nǹkan tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń san bíìlì. Iná, gáàsì, omi, owó ìlera, owó orí ọkọ̀: gbogbo wọn ló lè wá ní bébà gígùn tí ilà bákóòdù wà lára rẹ̀. Ẹ ó gbé e fún ẹni tó ń gbowó. Á yìnbọn pupa sí bákóòdù, iye owó á hàn, ẹ ó fọwọ́ tẹ ojú ẹ̀rọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ó kówó sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà á wá mú òǹtẹ̀ ọjọ́, á lù ú mọ́ bébà níbi méjì tàbí mẹ́ta, gbà, gbà, á fà á ya lójú ilà rẹ̀, á fún yín ní apá tiyín. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ ní ìsọ̀ ìsàlẹ̀ ilé mi, owó kaṣi ni wọ́n ń gbà fún ìwé wọ̀nyí. Mo lè fi káàdì Suica tẹ kọfí kan ṣoṣo, ẹ̀rọ á dún pí, ó parí. Owó ìlera tó jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún yen, mo gbọ́dọ̀ ka owó bébà fún un. Suica yẹn ti wà láti oṣù Kọkànlá 2001 o. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ṣe é fún, ó wá di owó níbi gbogbo, àfi níbi tí èèyàn ti ní gbèsè.

Bíìlì kan tó máa ń mú kí àwọn àlejò pè mí ni ti NHK, ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti gbogbo ìlú. Ọmọ wa kan tó wà ní Gunma pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá san owó tẹlifíṣọ̀n. Ìran wọn gan-an mi ò wò rí.”

“Àbúrò, ṣé o ní tẹlifíṣọ̀n nílé?”

“Ó bá mi nínú yàrá ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó kó jáde ló fi í sílẹ̀.”

“Ó ti tán nìyẹn. Òfin ò béèrè bóyá ò ń wò ó.”

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Òfin ìgbéròyìnjáde ti 1950 ní ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ tó lè gba NHK sílé gbọ́dọ̀ bá wọn ṣe àdéhùn. Ẹnì kan gbé e lọ sílé ẹjọ́, ní oṣù Kejìlá 2017 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì ní òfin náà kò tako òfin ilẹ̀. Inú bí àwọn kan débi pé wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ìjà pẹ̀lú NHK ni wọ́n fi polongo, wọ́n sì wọ ilé aṣòfin àgbà ní 2019. Láti oṣù Kẹwàá 2023, owó náà jẹ́ yen 1,100 lóṣù fún ẹni tí kò lo sátẹ́láìtì. Mo ní kí àbúrò gbé bébà rẹ̀ lọ sí kònbíní, kí ó san án, kí ó sì ta tẹlifíṣọ̀n náà tí kò bá fẹ́ san mìíràn. Ó ní òun á máa wò ó kúkú. Ìjàkadì sumo ló ń wò báyìí, ó sì mọ orúkọ gbogbo wọn.

Àtẹ ìwé ìròyìn wà lẹ́bàá fèrèsé, kí ẹni tó ń kọjá lè rí i pé èèyàn wà nínú ìsọ̀. Láyé àtijọ́, wọ́n á tò síbẹ̀ ní ìdúró, wọ́n á ka ìwé àwòrán tán láìsan kọ́bọ̀. Ìsọ̀ púpọ̀ ti fi téèpù dì wọ́n báyìí. Weekly Shōnen Jump ṣì ń dé ní ọjọ́ Ajé, ó nípọn, bébà rẹ̀ sì rí hárahàra. Lásìkò tó gbayì jù, ní ìdajì àkọ́kọ́ àwọn ọdún 1990, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ lọ́sẹ̀ kan. Lónìí, orí fóònù ni àwọn ọmọ inú ọkọ̀ ojú irin ti ń kà á, àtẹ náà sì ń kéré lọ́dọọdún. Àwọn ìwé ìhòòhò tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lójú àwọn ọmọ kéékèèké, àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó wọn kúrò nílẹ̀ ní 2019. Ìdí kan tí wọ́n sọ ni ìdíje Olimpíìkì tí àlejò máa wá wò. Kó lè wu àlejò ni. Àwọn ìyá tó ń mú ọmọ wọlé ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ghibli, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù àwòrán, ní Mitaka, kó gbọ́ èyí: wọn kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ Lawson ni wọ́n ti ń tà á ṣáájú, ọjọ́ kẹwàá oṣù ni ti oṣù tó ń bọ̀ sì máa ń jáde, ó sì máa ń tètè tán. Ilé tí wọ́n kọ́ fún àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà, kònbíní ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Ti báńkì náà ń kọ́? Ẹ̀rọ ATM inú kònbíní ti gbà mí lọ́wọ́ báńkì. Ní 2001 ni àwọn tó ni 7-Eleven dá báńkì tiwọn sílẹ̀, Seven Bank ni wọ́n ń pè é báyìí, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń gba káàdì ilẹ̀ òkèèrè, ó sì gbọ́ èdè púpọ̀. Báńkì tí mo kọ́kọ́ lọ ní tèmi, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, orúkọ mi ló gùn ju àpótí inú fọ́ọ̀mù wọn lọ. Ẹni tó jókòó síwájú mi ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà kà á, wọ́n jọ mí èémí. Wọ́n gé orúkọ mi síbi tó wù wọ́n. Títí dòní, orúkọ tó wà lórí ìwé báńkì mi kò ní ìtumọ̀ kankan lédè Yorùbá.

Ẹrù náà ń gba kònbíní lọ. Yamato ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìfẹrùránṣẹ́ ilé dé ilé tí wọ́n ń pè ní takkyūbin ní 1976. Tí mo bá ń rìnrìn àjò, mo lè gbé àpótí ńlá mi lọ sí ìsọ̀ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní bí ọjọ́ méjì ṣáájú, kí n kọ pápákọ̀ òfuurufú Narita tàbí Haneda sórí rẹ̀, kí n sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́wọ́ òfo. Tí wọ́n bá ń gbé ẹrù bọ̀ wá sílé, ẹ lè yan wákàtí tí ẹ máa wà nílé, wọ́n á sì dé láàárín wákàtí náà. Kò sí iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ yìí tí mo fi gbogbo ẹnu yìn tó èyí.

Kọfí: ní 2013 ni 7-Eleven gbé ẹ̀rọ kọfí yen 100 jáde. Ọ̀gbẹ́ni Kashiwa Sato, gbajúmọ̀ ayàwòrán iṣẹ́ ọnà, ló ya bó ṣe máa rí. Ó lẹ́wà, àmọ́ R (regular, ìyẹn kékeré) àti L (large, ìyẹn ńlá) ni wọ́n kọ gàdàgbà sára bọ́tìnnì rẹ̀, àwọn arúgbó kò sì mọ èwo ni ńlá èwo ni kékeré. Àwọn tó ni ìsọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi téèpù lẹ bébà mọ́ ọn lára: ńlá, kékeré, gbígbóná, tútù, ọfà lọ́tùn-ún, ọfà lósì. Gbogbo ẹwà náà bọ́ sábẹ́ bébà. Ẹ máa rí irú bébà bẹ́ẹ̀ lára ẹ̀rọ káàkiri Japan, èmi sì gbà pé òun gan-an ló ń mú ẹ̀rọ ibí ṣiṣẹ́.

Èèyàn ló kù. Ní ìsọ̀ mi, àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ló pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́, láti Nepal, Vietnam àti Myanmar. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Òfin kò gbà wọ́n láyè ju wákàtí 28 lọ lọ́sẹ̀, àfi nígbà ìsinmi gígùn. Nínú wákàtí wọ̀nyẹn ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ mọ bíìlì, fáàsì, ẹrù, ọtí, tíkẹ́ẹ̀tì àti adìyẹ díndín, kí wọ́n sì fi èdè àpọ́nlé tí ọmọ onílẹ̀ gan-an máa ń ṣì sọ béèrè ìbéèrè. Ọmọbìnrin ará Nepal kan wà níbẹ̀ tó ń pè mí ní dai, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin nílé wọn. Kì í bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ó mọ̀ pé mi ò fẹ́ ọ̀rá, ó mọ̀ pé mo fẹ́ kó gbóná.

Àwọn tó ni ìsọ̀ náà ò rọ́nà gbé e gbà. Púpọ̀ wọn ló jẹ́ pé orúkọ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n yá, tí wọ́n sì ń pín èrè fún un. Ní oṣù Kejì 2019, ọ̀kan nínú wọn ní Higashi-Osaka kò rí èèyàn gbà síṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìsọ̀ láti aago kan òru di mẹ́fà àárọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ìròyìn káàkiri. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti fagi lé àdéhùn rẹ̀. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń gba àwọn kan láyè láti tì í lóru. Tí ẹ bá rí kònbíní tó ti ilẹ̀kùn ní aago méjì òru, ẹ má bínú sí i.

Ó ku ẹ̀sùn mi. Ọkùnrin kan máa ń ṣiṣẹ́ òru ní ìsọ̀ yìí, ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Fún ìgbà pípẹ́, tí mo bá ti wọlé, á fi káńtà sílẹ̀, á wá dúró sí àtẹ tó wà lẹ́yìn mi, á máa to ohun tó ti wà létò. Tí mo bá lọ síbi wàrà, ó dé ibi wàrà. Kò sọ̀rọ̀ àlùfààṣá sí mi rí. “Ẹ káàbọ̀” tó ń wí fún gbogbo èèyàn ló ń wí fún mi. Àmọ́ mo ń wo dígí tó wà lókè igun ìsọ̀ náà, mo sì ń rí i pé kì í tẹ̀ lé àwọn ọmuti tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bọ̀ láti ibùdókọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo yíjú sí i, mo fi èdè wọn bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bátìrì dà?” Ó mú mi débẹ̀, ó sì bá mi yan èyí tó dínwó. Kò tẹ̀ lé mi mọ́ látìgbà náà. Mi ò rò pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè bátìrì kí ó tó jẹ́ kí n ra wàrà mi. Ìràwọ̀ karùn-ún ń bẹ lọ́wọ́ mi.

Fún ẹni tó fẹ́ lọ gba ìwé lára ẹ̀rọ yẹn: ẹ má lọ láàárín aago méjìlá sí kan ọ̀sán, torí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì á ti tò dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sì máa mí sí yín lẹ́yìn. Ẹ kó owó ẹyọ yen 100 dání, torí àwọn kan nínú ẹ̀rọ náà kì í gba owó bébà. Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló dára jù, tí ẹ bá sì kọsẹ̀ níbì kan, ẹ wo ara ẹ̀rọ náà dáadáa. Ẹnì kan á ti lẹ bébà mọ́ ọn.